Àbúrò Mi Lórí Bẹ́ǹṣì Ìdákẹ́

Kúlà ni mò ń fọ̀ nígbà tí ìpè náà wọlé. Kúlà aláwọ̀ búlúù ni, tí a fi ń gbé ẹ̀jẹ̀ láti ilé ìwòsàn kékeré kan ní Ẹlẹ́yẹlé wá sí láàbù wa ní Agbowó. Mo ti da omi yìnyín àná nù, mo ti fi kànrìnkàn àti ọṣẹ fọ inú rẹ̀, mo sì ti dà á dojú bolẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kí ó lè gbẹ. Mo wo aago kí n tó wo orúkọ ẹni tó ń pè, nítorí bí iṣẹ́ náà ṣe kọ́ mi nìyẹn: aago méje àárọ̀ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin, Ọjọ́bọ̀. Ẹ̀gbọ́n màmá wa ọkùnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá, ló ń pè láti Ìkàrẹ́. Bàbá kì í pe èèyàn láàárọ̀. Wọ́n kí mi, wọ́n bi mí bóyá mo wà ní ìjókòó. Mo ní ìdúró ni mo wà. Wọ́n ní kí n jókòó. Mo jókòó sórí ìdí kúlà náà. Wọ́n ní màmá wa kírun àsùbáà tán, wọn kò sì dìde lórí ẹní mọ́.

Kí n tó sọ ohun tí mo ṣe lẹ́yìn ìpè yẹn, ẹ jẹ́ kí n sọ irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe nígbà náà, nítorí inú iṣẹ́ náà ni àṣìṣe mi ti bẹ̀rẹ̀. Ó ti lé ní ọdún márùn-ún báyìí. Sẹ́kọ́ńdírì ni mo kà mọ, ṣùgbọ́n ọwọ́ ìkọ̀wé mi dára, n kì í sì í fi nǹkan falẹ̀. Ohun tí Dókítà tó ń darí láàbù wa wò mọ́ mi lára nìyẹn tó fi gbà mí síṣẹ́. Obìnrin ni Dókítà, ó kéré sí mi lọ́jọ́ orí. Mò ń fọ ìgò, mò ń gbé ẹ̀jẹ̀, mo sì ń kọ aago: aago tí abẹ́rẹ́ wọ apá, aago tí ìgò wọ kúlà, aago tí kúlà dé Agbowó. Ibà tí ẹ̀fọn ń kó ran èèyàn ni wọ́n ń wádìí. Lọ́jọ́ kìíní tí mo dé ibẹ̀, mo bi Dókítà léèrè ohun tí aago ní í ṣe pẹ̀lú ibà. Ó jókòó tì mí, ó sì fara balẹ̀ ṣàlàyé. Ó ní àwọn ohun funfun kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n dà bí sójà, àwọn ló ń bá àìsàn jà. Ó ní tí ẹ̀rù bá ba èèyàn, tàbí tí ìbànújẹ́ dé, ara máa ń tú omi kan sínú ẹ̀jẹ̀, àwọn sójà yìí sì ní ohun tó dà bí etí lára, tí wọ́n fi ń gbọ́ ohùn omi náà. Tí wọ́n bá ti gbọ́ ọ, wọ́n á yí ọwọ́ iṣẹ́ padà. Ó ní ohun tí àwọn ń wá ni pé, nígbà tí ibà bá wà nínú ẹ̀jẹ̀, ṣé etí àwọn sójà náà máa ń là sí i ni, àbí ńṣe ló ń di. Mo sọ omi náà ní omi ìpayà. Dókítà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, òun náà ti ń pè é bẹ́ẹ̀.

Omi ìpayà kì í dúró sójú kan. Ó máa ń pọ̀ láàárọ̀, á sì dínkù bí oòrùn bá ń rẹlẹ̀, kódà lára ẹni tí kò ní ìdààmú kankan. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé láàárín aago mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án nìkan ni wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀. Òfin kan tún wà. Ẹni tí a fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jókòó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lórí bẹ́ǹṣì onígi kan lábẹ́ fèrèsé. Kò ní rìn, kò ní gba ìpè, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ sọ ohun tó lè mú ọkàn rẹ̀ fò fún un. Bẹ́ǹṣì ìdákẹ́ ni a ń pè é. Èmi ni mo ń ṣọ́ ọ.

Mo rántí bàbá apẹja kan láti etí omi Ẹlẹ́yẹlé. Ó jókòó fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ó wò mí títí, ó ní, "Ìyá, ṣé ẹ̀jẹ̀ lẹ fẹ́ gbà ni, àbí ẹ fẹ́ fi mí joyè? Ẹ ní n má dìde, ẹ ní n má sọ̀rọ̀." Kò pẹ́ ni ìyàwó rẹ̀ já wọlé, ó ti ń sọ̀rọ̀ láti ìta wá pé, "Bàbá wọn, ẹ tíì gbọ́ ohun tí ọmọ yín ṣe?" Mo na ọwọ́ sí i bí ọlọ́pàá ojú pópó.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ó ku ìṣẹ́jú mọ́kànlá."

"Ó ku ìṣẹ́jú mọ́kànlá kí ni?"

"Kí ẹ tó lè bà wọ́n lọ́kàn jẹ́."

Bàbá náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ bá mi wá yàrá kan síbí o. Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ bá mi dá obìnrin yìí dúró." Èmi kò rẹ́rìn-ín. Mo kọ ọ́ sínú ìwé pé ó rẹ́rìn-ín, mo sì bẹ̀rẹ̀ ọgbọ̀n ìṣẹ́jú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ padà.

Irú èèyàn tí mo jẹ́ nígbà náà nìyẹn. Bí mo bá gbọ́ ní àdúgbò wa pé ibà mú ẹnìkan, n óò wọ ilé rẹ̀ láìpè, n óò máa sọ fún àwọn ará ilé pé kí wọ́n má ta ko aláìsàn, kí ọkàn rẹ̀ má baà dàrú, kí àwọn sójà ara rẹ̀ má baà gbọ́ ohun tí kò yẹ kí wọ́n gbọ́. Ìyàwó ilé kan bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n wá máa gbà pé ọkọ mi ló jàre títí ibà náà á fi lọ ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Ọkọ rẹ̀ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣàìsàn. Kò sẹ́ni tó rán mi ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Dókítà kò mọ̀ sí i. Àmọ́ ó dùn mọ́ mi pé àwọn tó kàwé jù mí lọ ń tẹ́tí sí mi.

Wàyí o, ní Ọjọ́bọ̀ tí Bàbá pè mí, ọjọ́ kẹta rèé tí àbúrò mi ti wà lórí ìdùbúlẹ̀ ní ilé ìwòsàn kan lọ́nà Challenge. Àwa méjì náà ni màmá wa bí. Tíṣà ni, ó ń kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní iléèwé aládàáni kan níbẹ̀, ó sì ń gbé nítòsí iléèwé náà. Ibà ni wọ́n pe àìsàn náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú ibà tí a ń lo oògùn ọjọ́ mẹ́ta sí. Ojú rẹ̀ pọ́n bí èèpo ọsàn, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti wálẹ̀ débi pé wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára, ó sì máa ń pe orúkọ àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ojú dídì, bí ìgbà tó ń máàkì rẹ́jísítà. Dókítà ibẹ̀ sọ fún mi ní Ọjọ́rú pé ọjọ́ díẹ̀ tó ń bọ̀ ni yóò sọ bó ṣe máa rí. Ó ní kí a jẹ́ kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Ọkàn rẹ̀ kò sì balẹ̀ tẹ́lẹ̀. Òun àti màmá wa kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti oṣù mẹ́ta. Màmá wa fẹ́ kí ó wálé fún Iléyá, àbúrò mi ní òun ní lẹ́sìnnì tí òun ń kọ́ àwọn ọmọ ní ọlidé. Màmá wa ní, "Ìwọ ṣáà máa ṣe lẹ́sìnnì, ìwọ náà á wálé wá bá àga mi lófìfo." Àbúrò mi bínú, ó gé fóònù mọ́ wọn lẹ́nu. Màmá wa kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń gé fóònù mọ́ lẹ́nu. Wọn kò pè é mọ́, òun náà kò sì pè wọ́n.

Mo ro gbogbo èyí lórí kúlà tí mo jókòó sí. Mo sọ fún Bàbá pé n kò ní lè sọ ọ́ fún àbúrò mi. Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ sójà fún wọn, etí wọn àti omi ìpayà. Lójú mi, ọ̀rọ̀ náà ti parí: bí àbúrò mi bá gbọ́ ikú yìí pẹ̀lú ibà lára, àwọn sójà rẹ̀ á sọ ohun ìjà sílẹ̀, a ó sì sin òkú méjì. Bàbá gbọ́ mi dé òpin. Wọ́n ní, "Èmi kò mọ ti sójà. Ṣùgbọ́n a kì í túfọ̀ fún ẹni tó wà lórí ìdùbúlẹ̀, ìyẹn ni mo mọ̀. Jẹ́ kí ó mókun ná. Èmi fúnra mi ni n óò wá bá a sọ ọ́. Àmọ́ gbọ́ o, dákẹ́ ni mo ní kí o dákẹ́. N kò ní kí o purọ́."

Mo ní mo gbọ́.

Mo gba àyè ọ̀sẹ̀ méjì lọ́wọ́ Dókítà, mo bẹ nọ́ọ̀sì kan ní wọ́ọ̀dù àbúrò mi pé kó bá mi mójú tó o, mo sì wọ ọkọ̀ lọ sí Ìkàrẹ́. Wọ́n ti wẹ màmá wa nígbà tí mo dé. Lẹ́yìn ìrun alásárì, wọ́n kírun sí wọn lára, wọ́n sì gbé wọn lọ. Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú méjìlélógójì ni wọ́n bo ilẹ̀ náà tán. Mo kọ ọ́ sínú ìwé pélébé tí mo fi ń ṣiṣẹ́, lábẹ́ àkọsílẹ̀ ẹ̀jẹ̀ Ọjọ́rú, nítorí n kò ní ìwé mìíràn lọ́wọ́. Kí n tó padà, Bàbá fa fóònù màmá wa lé mi lọ́wọ́. Wọ́n ní èmi ni àkọ́bí, kí n máa dá àwọn tó bá ń pè lóhùn. Ohùn àkùkọ ló máa ń dún tí ẹnikẹ́ni bá pè é. Àbúrò mi ló ṣe é sórí rẹ̀ ní Iléyá kan tó wálé, tó fi ń dá àpárá pé, "Màmá tó máa ń jí gbogbo ilé, àfi kó ní àkùkọ tirẹ̀." Màmá wa ní kó yọ ọ́, kò yọ ọ́, títí ó fi mọ́ wọn lára. Gbogbo àdúgbò ló mọ àkùkọ màmá wa.

Lọ́jọ́ Ẹtì, mo dé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì àbúrò mi. Ó la ojú, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò wá lánàá."

"Wọ́n rán mi níṣẹ́ lọ sí Òṣogbo."

Irọ́ kìíní nìyẹn. Mo sọ ọ́ kí n tó mọ̀ pé mo sọ ọ́. Ní ọjọ́ kejì ó ní òun ń wá fóònù òun tí mo ti mú pamọ́, mo ní dókítà ní kó sinmi ojú rẹ̀. Irọ́ kejì. Nígbà tí àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá kí i, mo dúró dè wọ́n ní ọ̀nà àbáwọlé wọ́ọ̀dù, mo kọ́ wọn ní ohun tí wọ́n lè sọ àti ohun tí wọn kò gbọdọ̀ sọ. Nọ́ọ̀sì tó ń wò mí ní, "Màdáámù, ẹ̀yin lẹ ṣe bí ẹni tó ni ọsibítù yìí." Ó ń ṣeré ni, àmọ́ ó dùn mọ́ mi. Mo ti gbé àbúrò mi jókòó sórí bẹ́ǹṣì ìdákẹ́. Ohun tí n kò rò ni pé, ní Ẹlẹ́yẹlé, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni, ẹni tó jókòó sì mọ̀ pé òun jókòó.

Ọjọ́ Àìkú ni ó fi iṣẹ́ rán mi. Ó di ọwọ́ mi mú. Ọwọ́ rẹ̀ gbóná bí ìkòkò. Ó ní, "Ẹ bá mi bẹ màmá. Ẹ sọ fún wọn pé èmi ni mo jẹ̀bi. Ẹ sọ pé mo gé fóònù náà, mo sì mọ̀ pé mo gé e. Mo ti ń sọ pé nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ni. Kì í ṣe nẹ́tíwọ̀ọ̀kì."

Bí mo bá ní ọgbọ́n, n óò sọ pé, "Nígbà tí ara rẹ bá yá, a ó sọ ọ́." Ìdákẹ́ nìyẹn ìbá jẹ́, Bàbá kì bá tí bá mi wí. Ṣùgbọ́n mo rí omi lójú rẹ̀, omi ìpayà ni mo sì rí níbẹ̀. Mo ní, "N óò jẹ́ iṣẹ́ náà."

Ní ọjọ́ Ajé, ní aago mẹ́jọ kọjá ogún ìṣẹ́jú, kí n tó fi tẹmọ́mítà sí i lábíyá, mo sọ fún un pé mo ti bá màmá sọ̀rọ̀. Ó ní, "Kí ni wọ́n sọ?" Mo ṣe ohùn mi bíi ti màmá wa díẹ̀, nítorí bí a ṣe máa ń jẹ́ iṣẹ́ fún ara wa nílé wa nìyẹn. Mo ní, "Wọ́n ní kò sí nǹkan kan, wọ́n ti dárí jì ọ́. Wọ́n ní kí o jẹun."

Ó yí ojú sí ògiri, ó sunkún, ó tún rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Kí n jẹun! Màmá nìyẹn. Bó bá jẹ́ pé ilé ń jó, wọ́n á ní kí èèyàn kọ́kọ́ jẹun." Ó sì jẹun. Ó mu ògì, ó jẹ mọ́ínmọ́ín díẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, ara rẹ̀ rọ̀, ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kò gbóná mọ́. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bí mo ṣe ń kọ ti láàbù: wákàtí, ìgbóná ara, oúnjẹ. Mo wo àkọsílẹ̀ náà bí akẹ́kọ̀ọ́ tó gba ọgọ́rùn-ún. Lójú mi, irọ́ mi ti ṣe ohun tí dírípù kò lè ṣe.

Wọ́n dá a sílẹ̀ ní Ọjọ́rú, mo mú un wá sílé mi ní Agbowó. Mò ń ti fóònù màmá wa pa ní gbogbo ìgbà tí mo bá wà nítòsí rẹ̀. Láàárọ̀ nìkan ni mo ń tàn án níta, kí n lè dá àwọn tó pè lóhùn, n óò tún tì í pa, n óò jù ú sínú báàgì. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi kò lo ogún ọjọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni, ọjọ́ kẹwàá tí màmá wa kú. Bàbá ń bọ̀ lọ́jọ́ kejì láti wá túfọ̀, ara àbúrò mi sì ti mókun tó láti fọ aṣọ tirẹ̀. Mo rò pé mo ti gbé ẹrù náà dé ẹnu ọ̀nà. Mo dá fóònù rẹ̀ padà fún un nítorí ó ní òun fẹ́ pe ọ̀gá iléèwé. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ní aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo ti tan fóònù màmá wa láti dá ọ̀rẹ́ wọn kan lóhùn. Obìnrin náà sunkún púpọ̀, èmi náà sunkún, mo nu ojú mi, mo ju fóònù náà sínú báàgì, mo sì gbé báàgì náà kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. N kò tì í pa. Èmi tí mo ń kọ aago tí èèyàn rẹ́rìn-ín sílẹ̀.

Mò ń po ògì ní ilé ìdáná nígbà tí àkùkọ kọ. Ohun tó kọ́kọ́ wá sọ́kàn mi ni pé àwọn ará ẹ̀yìnkùlé ti ra adìyẹ. Ó tún kọ. Inú yàrá ló ti ń kọ.

Nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà, àbúrò mi ti dìde jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì. Fóònù rẹ̀ wà létí rẹ̀, ó ń wo báàgì mi. Ojú rẹ̀ sì tàn. Ohun tí mo gbé títí di òní nìyẹn, pé ojú rẹ̀ kọ́kọ́ tàn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé màmá wà níbí ni? Ẹ̀yin méjèèjì fẹ́ fi yà mí lẹ́nu ni?" Ó ti ń wá ẹsẹ̀ bàtà rẹ̀ nílẹ̀ kó lè sáré jáde lọ bá wọn. Ó fẹ́ pè wọ́n láti dúpẹ́ pé wọ́n dárí ji òun.

Ṣíbí onígi wà lọ́wọ́ mi, ògì ń kán sílẹ̀. Àkùkọ náà kọ títí ó fi dákẹ́ fúnra rẹ̀. Àbúrò mi wo ojú mi, ó sì rọra jókòó padà.

Kò pariwo. Ó ní, "Ọjọ́ wo?"

"Ọjọ́bọ̀ tó kọjá lọ́hùn-ún. Àsùbáà."

"Ọjọ́ tí ẹ lọ sí Òṣogbo."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, "Lọ́jọ́ Ajé tí ẹ sọ pé wọ́n ní kò sí nǹkan kan, ọjọ́ kelòó ni wọ́n ti wà nínú ilẹ̀?"

"Ọjọ́ karùn-ún."

Ó ní, "Ẹ ṣeun." Ó ká aṣọ rẹ̀ tí kò tíì gbẹ lórí okùn, ó dì wọ́n sínú ọ̀rá, ó sì lọ dúró de kẹ̀kẹ́ Márúwá ní ojú títì. Mo tẹ̀lé e dé ibẹ̀. Kò lé mi padà, kò sì wo ẹ̀yìn. Nígbà tí Bàbá dé lọ́jọ́ kejì, kò sí ohun tó kù fún wọn láti túfọ̀. Wọ́n bi mí ohun tó ṣẹlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀, pẹ̀lú iṣẹ́ tí mo jẹ́ lẹ́nu òkú. Wọ́n ṣí fìlà, wọ́n gbé e lé orúnkún. Wọ́n ní, "Ẹyin lohùn. Mo sọ fún ọ."

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo tó sọ fún Dókítà. Ó gbọ́ ọ tán, ẹnu yà á. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé èmi ni mo sọ pé ìròyìn búburú máa pa ẹni tí ibà ń ṣe?"

Mo ní, "Ẹ ní àwọn sójà máa ń gbọ́ ohùn ìbànújẹ́."

"Mo ní a fẹ́ mọ ohun tí ibà ń ṣe sí bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ọ. Bí a bá ti mọ̀ ọ́n, kí ni a tún ń gba ẹ̀jẹ̀ àwọn èèyàn fún? Èyí tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ìgò gan-an, n kò tíì lè fọwọ́ rẹ̀ sọ̀yà, ká tó wá sọ ti orí bẹ́ẹ̀dì." Ó rí ojú mi, ó dín ohùn rẹ̀ kù. Ó ní ó yẹ kí òun ti tún ọ̀rọ̀ náà ṣàlàyé fún mi.

Kò sí ẹ̀bi rẹ̀. Ìbéèrè ni mo gbọ́ ní láàbù, ìdáhùn ni mo gbé délé. Ibà àbúrò mi kò sì padà. Ó gbọ́ ikú ìyá rẹ̀, ó gbọ́ irọ́ mi mọ́ ọn, ara rẹ̀ ru méjèèjì, ó padà sí kíláàsì ní ọjọ́ Ajé kejì. Mo máa ń bi ara mi bóyá ọjọ́ mẹ́sàn-án tí mo fi pa á mọ́ ló gbà á là. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó lè jẹ́ pé oògùn àti ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà sí i lára ni. Ní láàbù, bí a bá gba ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ibà ń ṣe, a máa ń gba ti ẹni tí ara rẹ̀ le pẹ̀lú, kí a lè fi wọ́n wé ara wọn. Àbúrò kan ṣoṣo ni mo ní. N kò ní èkejì tí n óò sọ òtítọ́ fún lọ́jọ́ náà kí n lè wo ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀.

Láàbù náà ti kó kúrò ní Agbowó. N kò mọ ohun tí wọ́n rí nígbẹ̀yìn. Mò ń ta ìwé àti báírò nítòsí iléèwé kan báyìí, àbúrò mi sì ti kó lọ sí Baṣọ̀run. A kò jà. Ó máa ń kí mi, ó máa ń fi ẹran Iléyá ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, kò fi iṣẹ́ rán mi sí ẹnikẹ́ni mọ́, bó ti wù kí ó kéré tó. Bí mo bá sì sọ fún un pé lágbájá kí i, á bi mí pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ pé, "Nígbà wo ni ẹ rí wọn?" N óò sọ ọjọ́, n óò sọ aago. Á mi orí. Mo ti kọ́ láti máa sọ aago náà kí ó tó bèèrè.

Lásìkò òjò tó kọjá yìí, ibà mú èmi náà. Ọjọ́ kejì rèé tí mo ti dùbúlẹ̀, mò ń gbọ̀n, ẹnu mi korò, mo sì ń gbọ́ bí ẹ̀jẹ̀ mi ṣe ń lù ní etí. Mo ti mọ̀ pé ara Bàbá kò le ní Ìkàrẹ́. Àbúrò mi wọlé ní aago mẹ́jọ àárọ̀ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́fà, kò mú nǹkan kan lọ́wọ́. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ọrùn mi. Ó gbé àga sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì, ó sì jókòó. Mo rí i pé ó ń wò mí bí mo ṣe máa ń wo àwọn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ìdákẹ́ nígbà kan, bí ẹni tó ń wọn ohun tí èèyàn lè gbé. Ẹ̀rù bà mí. Mo fẹ́ sọ pé kó má sọ ọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fa bàtà mi jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó gbọn eruku rẹ̀ nù.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, Bàbá kú láàárọ̀ yìí. Lẹ́yìn alásárì ni wọ́n máa gbé wọn sin. Mo mọ̀ pé ibà wà lára yín. Ẹ na ẹsẹ̀ yín wá."